Beat, hit, strike, knock: kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà tí gbogbo wọn ń jẹ́ "lù"?

Bí a bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, a ó rí i pé beat ni lù, hit ni lù, strike náà ni lù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá há a sórí bẹ́ẹ̀ yóò kọ "The clock beat six", yóò sì yà á lẹ́nu pé wọ́n fa igi lé e. Bẹ́ẹ̀, kò sọ ìsọkúsọ: aago a máa lù ní èdè tiwa. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì kì í pín lílù sí ọ̀nà tí àwa ń pín in sí.

Àwa sábà máa ń wo ohun tí wọ́n fi lu nǹkan àti ibi tó bà. A ń na ènìyàn ní pàṣán, a ń gbá a létí, a ń kàn án ní ẹ̀ṣẹ́, a ń ta á nípàá, a ń kan ilẹ̀kùn, a ń ṣá ìṣáná, a ń pàtẹ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní irú ìyẹn náà: slap, punch, kick, clap. Àwọn wọ̀nyẹn kì í sì í da ẹnikẹ́ni láàmú. Àwọn mẹ́rin tó ń dààmú ènìyàn ni beat, hit, strike àti knock, nítorí pé kì í ṣe ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Ọ̀kan ń wò ó bóyá lílù náà ń tún ara rẹ̀ ṣe, ọ̀kan ń wò ó bóyá nǹkan kan nǹkan, ọ̀kan ń wo bó ṣe ṣẹlẹ̀ lójijì, ọ̀kan sì ń gbọ́ ìró. Ẹni tó bá di àwòrán tó wà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú kò ní máa há ogójì ìtumọ̀ sórí mọ́.

Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ló sì ń ṣe báyìí. A ń lu ìlù, a ń lu ihò sára pákó, gbájúẹ̀ ń lu jìbìtì, àṣírí sì ń lu síta. A ń gbá ilẹ̀, a ń gbá bọ́ọ̀lù, a ń gbá ọmọ mọ́ra, ọkọ̀ sì ń gbá ènìyàn. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ "ó gbá mi mọ́ra" kó wá béèrè bóyá onítọ̀hún fara pa. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé gbá ti là á yé wa. Bí ó ṣe yẹ ká máa ka ti Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn: ká má ṣe wo ọ̀rọ̀-ìṣe ní òun nìkan, ká wo òun àti ohun tó tẹ̀lé e pọ̀.

Beat: àlùtúnlù

Ìlù beat kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó gbá ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, hit ló hit ẹ. Tí ó bá di beat, wọ́n ti lu ẹni náà bí ẹní lu bàrà. Nítorí náà, "My brother beat me" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbátí kan lásán. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ń lu àbúrò ní àlùbami, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n jọ ta ayò chess ni, ẹ̀gbọ́n sì borí. Ohun tó máa là á ni ìparí gbólóhùn: "with a stick" tàbí "at chess".

Torí pé ìlù rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ ṣe ní ìwọ̀n kan náà, beat ni ti ọkàn. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ sábà máa ń lù ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni "a beat". Nínú orin, iye beat tó wọ inú ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń wọn ìyára. Tí wọ́n bá kọ 120 bpm, ìlù méjì ló bọ́ sí ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe da beat pọ̀ mọ́ rhythm o. Beat ni èyí tó ń lọ déédéé bí ìṣísẹ̀ ẹni tí kò kánjú. Rhythm ni àrà tí onílù ń dá lé e lórí, tó ń gùn, tó ń kúrú, tó ń dákẹ́, tó tún ń bẹ́ jáde. Nígbà tí gbogbo àwùjọ bá jọ ń pàtẹ́wọ́ sí orin kan, beat ni wọ́n ń tẹ̀lé. Lẹ́nu àwọn olórin ìsinsìnyí, "a beat" tún lè jẹ́ odidi orin tí wọ́n ti lù sílẹ̀ tí kò tíì ní ohùn akọrin.

Ẹsẹ̀ náà ń lu ilẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ń lù lójoojúmọ́ á di ojú ọ̀nà, òun ni "the beaten track". Agbègbè tí ọlọ́pàá ń rìn yí po ni "beat" rẹ̀. Ẹ̀ka ìròyìn tí oníròyìn kan ń tọ pinpin rẹ̀, bóyá òṣèlú tàbí eré ìdárayá, ni "beat" tirẹ̀. Ti "beat about the bush", àwọn ọdẹ ẹyẹ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: àwọn kan á máa fi igi lu igbó kí ẹyẹ lè fò jáde fún àwọn tó fẹ́ pa á. Ẹni tó bá ń lu etí igbó kiri tí kò dé ibi tí ẹyẹ wà ni ẹni tí kò fẹ́ sọ ojú abẹ níkòó.

Ìtumọ̀ "borí" ló ń fa àṣìṣe jù. "We won them 3–0" kò tọ́ rárá. Ènìyàn tàbí ẹgbẹ́ la ń beat. Ìdíje, ife, ẹ̀bùn, ìbò àti ẹjọ́ la ń win. "We beat them." "We won the match." Ìdánwò tó rọrùn wà fún un nínú èdè wa. Àwa náà ń sọ pé "a nà wọ́n ní góòlù mẹ́ta sódo". Ibi tí nà bá ti bọ́ sí yẹn, beat ni kí ẹ lò. Nígbà tó jẹ́ pé a ò lè na ife, ife di ti win.

Ní ti òjò, "òjò pa mí" ló mú kí púpọ̀ nínú wa máa sọ "Rain beat me". Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ yóò sọ "I got caught in the rain". Òjò lè beat, àmọ́ orí òrùlé tàbí ara fèrèsé ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, níbi tí ẹ̀kán rẹ̀ ti ń ró pá-pá-pá láìdáwọ́dúró.

Àwọn kan wà tí ẹ óò kàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni. "It beats me": ó rú mi lójú. "Beat it!": kúrò níbí. "You beat me to it": o ti ṣe é kí n tó ṣe é. "I'm beat": ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò ní -en, nítorí "I'm beaten" ni pé wọ́n ti borí mi. Ní gbogbo ibòmíràn, beat ni ti òní, beat ni ti àná, beaten ló ń tẹ̀lé have àti was. Kò sí "beated" níbikíbi.

Ohùn rẹ̀ náà gba ìṣọ́ra. Fáwẹ́lì "i" kan ṣoṣo la ní, Gẹ̀ẹ́sì sì ní méjì níbẹ̀. Beat, ẹ fa "i" rẹ̀ gùn, kí ètè fẹ̀ bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bit, ẹ gé e kúrú, kí ẹnu rọ̀. Bí ẹ bá fa ti "The dog bit me" gùn, ẹ ti sọ pé ajá lù yín nìyẹn, ẹni tó ń gbọ́ á sì máa rò ó bóyá eré ìje lẹ jọ sá. Hit àti heat rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tí "h" bá sì máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní mẹ́rin láti bójú tó: hit, heat, it, eat.

Hit: ṣíṣe kòńgẹ́

Àwọn ará Scandinavia tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó sí England ní ọ̀rúndún kẹsàn-án ló mú hit wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Ní èdè wọn, hitta ni kí ènìyàn pàdé nǹkan, kó ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà níbẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ ó rí i bí gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe so kọ́ra. "Hit the target": ọfà bá ibi tí a fojú sùn. "Hit a problem": a ṣalábàápàdé ìṣòro. "The temperature hit 40 degrees": ooru dé 40. "A hit": orin tó wọ àwọn ènìyàn lára, tó dé ibi tí wọ́n rán an. "Hit it off": ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ ní kété tí wọ́n pàdé. "Hit the road": ó bọ́ sójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí wọ́n nà nínú gbogbo wọn.

On kékeré tó ń wà lẹ́yìn rẹ̀ lè dá ìjà sílẹ̀. "He hit on an idea" ni pé èrò kan sọ sí i lọ́kàn. "He hit my sister" ni pé ó lu àbúrò mi. "He hit on my sister" ni pé ó ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Ẹni tó bá kọ èyí tó kẹ́yìn sínú ìwé ẹ̀sùn ní ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n lu àbúrò rẹ̀ ni, ti ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Bí a ṣe ń tò ó tún nìyí. Tí ẹnì kan bá gbá ẹlòmíràn lórí, Gẹ̀ẹ́sì á kọ́kọ́ dárúkọ ènìyàn náà, kó tó sọ ibi tó bà: "She hit him on the head." Ẹ kíyè sí i pé the ló wà níbẹ̀, kì í ṣe his. "He hit his head", láìsí àlàyé mìíràn, ni pé òun fúnra rẹ̀ forí gbá nǹkan. On àti in náà ní ibi tí wọ́n ń lọ. Ibi tó le tàbí tó yọ síta sábà máa ń gba on: on the head, on the nose, on the shoulder, on the knee. Ibi tó rọ̀, tó fẹ̀ tàbí tó kó wọnú sábà máa ń gba in: in the face, in the eye, in the mouth, in the stomach.

At ní tirẹ̀ ń gba àṣeyọrí kúrò. "He hit the ball": ọwọ́ rẹ̀ bá bọ́ọ̀lù. "He hit at the ball": ó ju ọwọ́ sí i, bóyá ó bà á, bóyá kò bà á. Kick at àti strike at ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kan tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú hit ni pé kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ohun tí wọ́n lù. "I hit the window" ni pé ọwọ́ mi kan fèrèsé. Ó lè wà digbí síbẹ̀. Onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, Charles Fillmore, fi hit wé break ní ọdún 1970, ó sì fi hàn pé ìyàtọ̀ yìí ló ń darí bí gbólóhùn wọn ṣe ń rí. A lè sọ pé "The window broke", nítorí fífọ́ jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lára fèrèsé. A ò lè sọ pé "The window hit" kó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé méjì yìí yẹ̀ wò: "I hit the wall with the stick" àti "I hit the stick against the wall". Ohun kan náà ni wọ́n ń wí, igi àti ògiri fara kanra. Ẹ wá fi broke sí ipò hit nínú méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ògiri ló wó. Nínú ti èkejì, igi ló dá. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé nǹkan bàjẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi hit dúró. Kó fi break, smash tàbí dent parí ọ̀rọ̀ náà.

Strike: ìfọwọ́pa tó di ẹ̀ṣẹ́

Èyí ló gbádùn mọ́ni jù láti tú wò. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, strīcan ni kí ènìyàn fa ọwọ́ kọjá lára nǹkan, kó rọra pa á. Ẹbí kan náà ni òun àti stroke, àti streichen tí àwọn ará Jámánì fi ń sọ pé wọ́n fọwọ́ pa nǹkan tàbí wọ́n kun nǹkan. Ìtumọ̀ "lù" ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a lẹ́yìn náà ni. Ìdí nìyẹn tí "stroke the cat" fi jẹ́ fífọwọ́ pa ológbò lára jẹ́jẹ́, nígbà tí "strike the cat" jẹ́ ìkà.

Ìfà yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. "Strike a match": a ń ṣá ìṣáná, ìyẹn ni pé a ń fa orí rẹ̀ kọjá lára páálí, a kì í fi kan an. "Strike out a name": a fa ìlà pa orúkọ rẹ́. Láti ibẹ̀ la ti dé orí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn atukọ̀ ń pe sísọ ìgbòkun kalẹ̀ ní "strike the sails". Ní ọdún 1768, àwọn atukọ̀ tí inú ń bí sọ ìgbòkun àwọn ọkọ̀ oníṣòwò kalẹ̀ ní èbúté London, ọkọ̀ kankan ò sì lè gbéra. Ibẹ̀ ni strike ti di ìyanṣẹ́lódì. Ẹ ò rí i pé kò sí ẹni tí wọ́n lù. Bákan náà, "hunger strike" kì í ṣe pé ebi ń pa ènìyàn; òun ló fúnra rẹ̀ kọ oúnjẹ láti fi fẹ̀hónú hàn.

Nígbà tí strike di ìlù, ìlù ẹ̀ẹ̀kan tó dé lójijì ló dì. Ààrá ń strike. Aago ń strike: "The clock struck six." Kò ṣe beat, nítorí iye ló ń kà fún wa, ó sì dákẹ́, èyí tó ń lọ ní kẹ́-kẹ́-kẹ́ láàárín wákàtí ni tick. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ń jẹ́ stroke nítorí pé àwọn ará àtijọ́ rí i bí ọwọ́ tó ṣàdédé balẹ̀ lé ènìyàn. Èrò náà ń balẹ̀ bẹ́ẹ̀: "It struck me that the door was open", ó ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn. "He strikes me as honest", olóòótọ́ ló jọ lójú mi. "A striking face" ni ojú tí a ò lè wò kọjá. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, tí wọ́n bá gbá ènìyàn, hit ni wọ́n ń sọ; strike sábà máa ń wà nínú ìwé ìròyìn àti ní ilé ẹjọ́.

Strike, struck, struck ni. Stricken wà, ṣùgbọ́n ti ẹni tí ibi bá ló sábà máa ń jẹ́: grief-stricken, poverty-stricken. Kàyéfì tàbí ìyanu, struck ló ń gbà: thunderstruck, starstruck.

Kí ẹni tó ń wo eré ìdárayá má sì jẹ́ kó da òun rú. Nínú baseball, ẹni tó fẹ́ fi igi gbá bọ́ọ̀lù tí kò bà á gba "strike". Mẹ́ta rẹ̀, ó jáde. Èyí tó bà, tó sì gbé e dé ibùdó àkọ́kọ́ láìséwu, ni "hit". Nínú bowling, àṣeyọrí tó ga jù ni strike: bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo bi òpó kéékèèké mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣubú.

Knock àti àwọn kéékèèké

Knock ń fetí sí ìró ohun líle tó kan ohun líle: kọ́-kọ́-kọ́. Wọ́n ń pe "k" iwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti dákẹ́ báyìí. "Knock on the door" ni kíkan ilẹ̀kùn. "Beat on the door" ni ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí ń fọwọ́ lù ú láìdáwọ́dúró. "Hit the door" ni pé a rìn lọ gbá a. Lára ìró yẹn ni agbára tó ń bi nǹkan ṣubú ti wá. "A car hit him" kò sọ bóyá ó ṣubú. "A car knocked him down" sọ ọ́. "Knock off" ni kí a ṣíwọ́ iṣẹ́, "a knock-off" ni ayédèrú ọjà. "Knock up" ní tirẹ̀, ẹ yẹra fún un: lẹ́nu àwọn ará Bìrìtìkó, ó lè jẹ́ kíkan ilẹ̀kùn láti jí ènìyàn lójú oorun, àmọ́ lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà, fífún obìnrin lóyún ni.

Tap jẹ́ orí ìka, ó fúyẹ́. Pat jẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ti ìfẹ́ ni. Pound jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ tàbí ohun wíwúwo, léraléra. Bang, ariwo ló ṣáájú nínú rẹ̀. Ẹ fi "p" méjì sí tapped, torí taped ni pé ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ tàbí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀

Fún ìrìn tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni ibi tí wọ́n ti di nǹkan náà mú. Tí wọ́n bá so ó kọ́ láti òkè tàbí láti ẹ̀gbẹ́, tó ń fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀, swing ni: irin gbọọrọ inú aago ògiri, tàbí géètì lára òpó rẹ̀. Tí ìdí rẹ̀ bá dúró, tí orí ń fì jẹ́jẹ́, sway ni: igi nínú afẹ́fẹ́, ènìyàn tí orin wọ̀ lára. Tí gbogbo rẹ̀ bá ń yí síwá sẹ́yìn lórí ìdí rẹ̀, rock ni, bí ọkọ̀ lójú omi. Tí ó bá yára, tí kò ní ìwọ̀n, shake ni. Ìtumọ̀ wọn mìíràn ń tẹ̀lé èyí. Ẹni tí a sway, a ti yí i lọ́kàn padà díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Ẹni tí nǹkan shake, jìnnìjìnnì mú un. Ẹni tó "rocks the boat" ń dá wàhálà sílẹ̀ níbi tí ara ti rọ gbogbo ènìyàn.

Ìyẹ́ ẹyẹ ń beat, kò sí àbùmọ́ nínú rẹ̀. Tí ìyẹ́ bá tóbi, tó ń ró, ó ń flap. Tó bá kéré, tó ń gbọ̀n pẹ́pẹ́ bí ti labalábá, ó ń flutter. Ọkàn pàápàá ń flutter, nígbà tó bá yára tó sì fúyẹ́. Tó bá ń lù kì-kì-kì débi pé a ń gbọ́ ọ létí ara wa, ó ń pound.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò gan-an níwájú dókítà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè irú ẹ̀fọ́rí tó ń ṣe wá. "Throbbing" ni èyí tó ń wú tó ń rọ̀ bí ìlù. "Stabbing" ni èyí tó ń gún bí ọ̀bẹ. "A dull ache" ni èyí tó kàn dúró síbẹ̀, tí kò le, tí kò sì lọ. Tí kò bá dá yín lójú bóyá throbbing ni, ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, níbi tí iṣan ti ń sọ. Tí ìrora orí bá ń dé ní gbogbo ìgbà tí iṣan yẹn bá sọ, throbbing ni kí ẹ pè é.